Àlàfo Ìka Méjì

Ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹfà, ní ọdún tí mo pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, bàbá mi já adágún ìlúwẹ̀ẹ́ àlòkù kan sí ẹ̀yìnkùlé wa. Ọjọ́ Sátidé ni. Òjò ti rọ̀ láàárọ̀, ó sì ti dá. Nígbà tí wọ́n já a, kò jọ adágún rárá. Páànù gígùn kan ni, tí wọ́n ká bí ẹní, pẹ̀lú ọ̀rá tó nípọn, aláwọ̀ ojú ọ̀run, tí wọ́n ṣẹ́ pọ̀ bí aṣọ, òpó irin méjìlá, àti àpò kan tí ó kún fún bóòtù àti nọ́ọ̀tì.

"Káfíńtà," ni ọ̀rẹ́ bàbá mi wí, ẹni tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Onípáìpù nítorí iṣẹ́ rẹ̀, "ṣé adágún nìyí, àbí òrùlé tí ìjì ṣí gbé wá?"

"Ìwọ ṣáà gbé apá tìrẹ," ni bàbá mi dáhùn.

"Mò ń gbé e. Ẹ̀yìn mi ló ń bi ọ́, kì í ṣe ẹnu mi."

Ìyá mi rẹ́rìn-ín láti ojú fèrèsé. Apá ọ̀tún ẹnu rẹ̀ nìkan ló rẹ́rìn-ín. Ní oṣù mẹ́rìnlá ṣáájú ọjọ́ náà ni àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù ú nídìí máṣíìnì ìránṣọ rẹ̀. Ó gba ọwọ́ òsì àti ẹsẹ̀ òsì lọ́wọ́ rẹ̀. Aṣọ tí ó ń rán lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà ṣì wà lábẹ́ abẹ́rẹ́ máṣíìnì. Kò sẹ́ni tó yọ ọ́.

Obìnrin tó ń tọ́jú iṣan ní ilé ìwòsàn, tí ìyá mi ń pè ní Dókítà Ẹsẹ̀, ló sọ pé omi lè ran ẹsẹ̀ náà lọ́wọ́. "Lórí ilẹ̀, ara yín wúwo jù fún un, Màmá," ni ó wí. "Bí ẹ bá wà nínú omi, omi á bá yín gbé nínú ẹrù náà." Adágún kan wà ní ilé ìwòsàn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọkọ̀ méjì ni à ń wọ̀ débẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ló sì ń kàn wá. Bàbá mi ronú sí i títí. Ní ìkẹyìn, ó ní bí a kò bá lè máa tọ omi lọ, omi ni yóò máa wá bá wa nílé.

Bàbá mi máa ń jáde lọ síbi iṣẹ́ ní aago mẹ́fà ààbọ̀. Èmi ni mo ń jí ní aago márùn-ún láti wẹ̀ fún ìyá mi, láti wọṣọ fún un, àti láti gbé ìgò oògùn mẹ́ta síbi tí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ lè tó. Bí iléèwé bá ti jáde, ilé tààrà ni. Mi ò bá ẹnikẹ́ni dúró ṣàwàdà, mi ò bá ẹnikẹ́ni lọ síbì kankan. Àwọn ọmọ kíláàsì mi sọ mí ní Ìyá Àgbà. Mi ò bínú sí orúkọ náà. Ó ti rẹ̀ mí kọjá kí n máa bínú.

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni a fi tẹ́ ilẹ̀ kí a tó na páànù náà dúró. Bàbá mi bu omi sínú rọ́bà tín-ín-rín kan tó mọ́ gaara. Ó di orí kan mú, èmi di orí kejì mú, olúkúlùkù wa mú igi tí a fa àmì sí dání, a sì ń rìn yí ibẹ̀ po. Níbi tí omi kò bá ti bá àmì dọ́gba, ilẹ̀ ibẹ̀ kò tẹ́jú nìyẹn.

"Ọ̀gá Kékeré, kí ni omi wí?" Orúkọ tí ó ń pè mí nìyẹn láti ìgbà tí mo ti lè di òòlù mú.

"Omi ní ibí ga, Bàbá."

"Omi kì í purọ́. Gbẹ́ ẹ."

Nígbà tí adágún dúró tí omi sì kún un dé àyà, iṣẹ́ wá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Bàbá mi kan pèpéle pákó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ìyá mi lè jókòó sórí rẹ̀ kí ó tó wọ omi. Ó ṣe àtẹ̀gùn mẹ́jọ tí ìkọ̀ọ̀kan kò ga ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ lọ, nítorí pé ẹsẹ̀ òsì yẹn kò lè gòkè jù bẹ́ẹ̀. Ó ṣe igi ìdìmú tó ti orí pèpéle sọ̀ kalẹ̀ wọ inú omi, ó sì fi sáńpépà họ ọ́ títí ó fi ń dán bí ẹ̀yìn ṣíbí. Onípáìpù so ẹ̀rọ tó ń sẹ́ omi mọ́ ọn. Ó tún ká rọ́bà dúdú gígùn sórí òrùlé ilé ìkẹ́rùsí bí ejò tó sùn, kí omi lè máa gba inú rẹ̀ kọjá, kí oòrùn yá a díẹ̀ kí ó tó padà, nítorí omi tútù máa ń mú kí iṣan ìyá mi le. Èmi náà kò jókòó lásán. Mo rán nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn tó ti ya mọ́ wáyà róbótó, mo so ó mọ́ igi ìgbálẹ̀, òun ni a fi ń kó ewé kúrò lójú omi.

Ohun kan ni kò yé Onípáìpù. Láàárín pèpéle àti ara adágún, bàbá mi fi àlàfo ìka méjì sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

"Káfíńtà, ṣé pákó ló tán ni?"

"Pákó kò tán. Tọ̀sán-tòru ni omi yìí ń ti páànù síta. Bí ènìyàn bá wọ inú rẹ̀, páànù á mì. Bí pákó bá fara kàn án, á máa họ ọ́. Bí ìṣó bá wá lọ wọ̀ ọ́, ó parí nìyẹn." Ó yíjú sí mi. "Ìka méjì. Ohunkóhun kò gbọdọ̀ kan páànù yìí. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, Bàbá."

Lẹ́yìn èyí, ó so igi pẹlẹbẹ kan mọ́ ara igi ìdìmú nínú omi, ó yọ pẹ́ńsù tó máa ń wà lẹ́yìn etí rẹ̀, ó sì fa ìlà kan sí i. Ibi tí omi gbọdọ̀ dé nìyẹn. Láràárọ̀, kí ó tó lọ síbi iṣẹ́, á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo ìlà náà. Bí omi bá wà níbẹ̀, á gbé àpótí irinṣẹ́ rẹ̀, á máa lọ.

Ní ọjọ́ kìíní, ìyá mi gbé ìgbésẹ̀ mẹ́rin nínú omi. Ní ọjọ́ kẹwàá, ó gbé mọ́kànlá. Nígbà tí oṣù kẹjọ parí, ó ń yí adágún po lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó sì ti rin ìgbésẹ̀ mẹ́sàn-án lórí ilẹ̀ gbígbẹ, ó di igi mú. Ní ọjọ́ náà ni ó bi mí pé, "Ìgbésẹ̀ mélòó ló wà láti ẹnu ọ̀nà wa dé géètì?"

Mo lọ rìn ín, mo kà á. Mẹ́tàlélógún ni.

"Ní ọjọ́ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde rẹ, màá rìn ín. Màá sìn ọ́ dé géètì bí mo ṣe ń sìn ọ́ nígbà tí o wà ní jẹ́lé-ó-sinmi."

"Nígbà yẹn, ẹkún ni mo máa ń sun, Màámi."

"Lọ́tẹ̀ yìí, èmi ni màá sun ún."

A bi Dókítà Ẹsẹ̀ léèrè. Ó ní ó máa ṣeé ṣe. Kò fi "bóyá" kún un.

Ìdánwò àṣekágbá wa bẹ̀rẹ̀ nínú oṣù kẹsàn-án. Ọmọ kíláàsì mi kan wà tí à ń pè ní Dígí, nítorí pé dígí kékeré kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn márùn-ún ló ń tẹ̀lé e kiri. Láti ọdún tí a ti jọ wà ní kíláàsì, kò tíì bá mi sọ ju ọ̀rọ̀ mẹ́wàá lọ. Ní ọjọ́ kan, ó wá jókòó tì mí.

"Ìyá Àgbà! Wọ́n ní ẹ ní adágún ìlúwẹ̀ẹ́ nílé yín, ẹ wá dé e mọ́lẹ̀ bí ẹran inú ìkòkò."

"Ti ìyá mi ni."

"Ṣé ìyá rẹ fẹ́ mu ún tán ni?"

Àwọn tó kù rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo rántí pé mo rẹ́rìn-ín.

Ohun tí wọ́n fẹ́ ni pé, tí a bá ti ṣe ìdánwò tó kẹ́yìn tán, kí gbogbo wọn wá lúwẹ̀ẹ́ nílé wa, kí wọ́n sì ya fọ́tò. Mo béèrè lọ́wọ́ ìyá mi. Ó gbà kíá. "Jẹ́ kí wọ́n máa bọ̀," ni ó wí. "Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ariwo ọmọdé nínú ilé yìí." Bàbá mi náà kò kọ̀ ọ́. Ó kàn ní kí ẹnikẹ́ni má jókòó sí etí adágún ni.

Ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù náà, Dígí yà wá wo ibẹ̀. Ó gun orí pèpéle, ó yọ dígí rẹ̀, ó tún irun rẹ̀ ṣe, ó wá wo omi.

"Ó dà bí ike ìfọṣọ ńlá," ni ó wí. "Àmọ́ kò burú. Ihò yìí ńkọ́? Fóònù mi á já síbẹ̀. Ẹsẹ̀ ẹni á há síbẹ̀. Ṣé bàbá rẹ gbàgbé láti parí iṣẹ́ ni?"

Ó yẹ kí n sọ ìdí rẹ̀ fún un. Gbólóhùn méjì péré ni. Ohun tí mo sọ ni pé, "A máa parí ẹ̀ kí ẹ tó dé."

Ní ọjọ́ kejì, Sátidé, ẹ̀kọ́ àfikún ìṣirò wà ní iléèwé. Mi ò lọ. Bàbá mi ti lọ kan òrùlé ilé kan lọ́nà jíjìn, ìyá mi sì ń sun oorun ọ̀sán. Mo ṣa pákó pẹlẹbẹ méje nínú èyí tó ṣẹ́kù, mo fi sáńpépà họ wọ́n bí bàbá mi ṣe ń ṣe, mo tò wọ́n sórí àlàfo náà. Wọ́n wuyì. Mo kan ẹ̀gbẹ́ kan wọn mọ́ pèpéle. Ṣùgbọ́n bí mo bá tẹ ẹ̀gbẹ́ kejì, ó ń mì lẹ́sẹ̀ mi. Mo fojú inú wo Dígí tí yóò gun orí rẹ̀, tí yóò wí pé, "Iṣẹ́ Ìyá Àgbà nìyí?"

Mo gbé ẹ̀rọ tí bàbá mi fi ń lu ihò jáde, mo sì mú síkúrù. Mo yí ẹ̀gbẹ́ kejì pákó kọ̀ọ̀kan mọ́ irin etí adágún. Mẹ́fà wọlé dáadáa. Nígbà tí ó ku ẹyọ kan, àwọn síkúrù kúkúrú tán, gígùn ló kù nínú agolo. Mo mú gígùn. Irin náà le, mo fi gbogbo ara tì í. Lójijì, ó rọ̀ lọ́wọ́ mi, ó wọlé ṣìnkún.

Ìró tó dún kò ju ìgbà tí èékánná bá gún ewé lọ. Mo wọ abẹ́ pèpéle. Ṣóńṣó síkúrù náà ti gba abẹ́ etí adágún, ó ti lu páànù, ó ti lu ọ̀rá inú. Omi ń jáde ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó tín-ín-rín bí òwú ìránṣọ.

Mi ò yọ ọ́. Mo mọ̀ pé bí mo bá yọ ọ́, ihò á ṣí sílẹ̀. Mo yọ́ àbẹ́là sí ìdí rẹ̀, mo fi ṣìngọ́ọ̀mù dí i, mo tún fi àkísà wé e. Òwú omi náà dáwọ́ dúró, ó di ẹ̀kán. Mo jókòó sínú ẹrùpẹ̀ mo ń wò ó. Ẹ̀kán kan á já, màá ka ení dé èje, òmíràn á já.

Bàbá mi dé kí ilẹ̀ tó ṣú. Ó gun orí pèpéle pẹ̀lú bàtà iṣẹ́ lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó dúró.

"Ta ló bo àlàfo yìí?"

"Èmi ni, Bàbá. Nítorí àwọn ọ̀rẹ́ mi, kí ẹsẹ̀ má baà há sí i."

"Ṣé kò kan adágún?"

"Kò kàn án. Ara pèpéle nìkan ni mo kàn án mọ́. Mo kàn jẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ kejì nà kọjá lókè rẹ̀ ni."

Mo mọ̀ pé bí ó bá bẹ̀rẹ̀ tí ó fa pákó kan ṣoṣo, ọ̀rọ̀ ti tú. Ṣùgbọ́n orí òrùlé ló ti wà láti àárọ̀, orúnkún rẹ̀ sì ń dùn ún. Dípò kí ó wo pákó, èmi ló wò.

"O họ ọ́ dáadáa," ni ó wí. "Kò sí gbẹ́nàgbẹ́nà tó máa sọ pé ọmọdé ló ṣe é. Ọ̀gá Kékeré." Ó sì wọlé lọ láti yọ bàtà rẹ̀.

Mi ò lè jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà. Mo ní orí ń fọ́ mi.

Kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹ̀kán náà ti tún di òwú. Láti ọjọ́ kejì, aago mẹ́rin ààbọ̀ ni mo ń jí dípò aago márùn-ún. Màá gbé garawa omi méjì dà sínú adágún kí omi lè dé ìlà kí bàbá mi tó jáde. Á wá, á bẹ̀rẹ̀, á wo ìlà rẹ̀, á gbé àpótí irinṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ó pé ọjọ́ márùn-ún, garawa méjì kò tó mọ́, ó di mẹ́rin. Ní ọjọ́ kẹjọ, ó di mẹ́fà. Mò ń sọ fún ara mi pé tí ìdánwò bá ti parí, tí wọ́n bá ti wá tí wọ́n sì ti lọ, ní ọjọ́ náà gan-an ni màá sọ. Nínú yàrá ìdánwò, oorun ń gbé mi lọ. Mo ka ìbéèrè kan lẹ́ẹ̀mẹ́rin, àwọn ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò sì dúró lójú kan.

Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, Onípáìpù wá fọ àsẹ́ inú ẹ̀rọ. Ó rìn gba ẹ̀gbẹ́ pèpéle kọjá, ó wo bàtà rẹ̀.

"Ẹ̀yin ará ibí, kí ló dé tí ilẹ̀ yìí ń rọ̀ bí ẹ̀kọ gbígbóná, nígbà tí òjò kò rọ̀?"

Bàbá mi kò sí níbẹ̀. Èmi nìkan ni.

"Omi ìfọṣọ ni mo dà síbẹ̀, ẹ̀gbọ́n."

Ó wò mí. "Aṣọ mélòó lẹ ní nínú ilé yìí? Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ o." Ó rẹ́rìn-ín, ó nu bàtà rẹ̀ mọ́ koríko, ó sì padà sídìí ẹ̀rọ. Mo dúró síbẹ̀ títí ó fi parí, pé bóyá á tún béèrè. Kò béèrè mọ́.

Ní Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkànlélógún, bàbá mi tètè dé. Ìdánwò ìṣirò tó kẹ́yìn ló kù fún mi lọ́jọ́ kejì, ó ní kí n lọ jókòó ti ìwé mi, òun yóò bá ìyá mi wọ omi. Aago mẹ́rin ọ̀sán kọjá díẹ̀. Mo gbé àga síta, mo ṣí ìwé lé itan. Oòrùn ń ràn lójú omi. Ìyá mi ń ka ìgbésẹ̀ rẹ̀ sókè, bàbá mi ń fà sẹ́yìn níwájú rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì nínà.

"Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Mẹ́rìndínlógún. Yọ ọwọ́ rẹ, bàbá ọmọ."

"Ṣé ó dá ọ lójú?"

"Mo ní kí o yọ ọ́. Ọmọ mi, gbójú sókè! Wò mí, mi ò di nǹkan kan mú."

Mo gbójú sókè. Kò di nǹkan kan mú lóòótọ́. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lójú omi, ó ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi, ojú rẹ̀ sì dà bí ojú ọmọdé.

"Mẹ́tàdínlógún," ni ó wí.

Mo gbọ́ ìró kan, bí ìgbà tí aránṣọ bá fa aṣọ tuntun ya. Òpó irin kẹta, èyí tó wà nínú ilẹ̀ rírọ̀ yẹn, rì, ó fì síta. Páànù ya láti ojú síkúrù lọ sísàlẹ̀. Gbogbo omi náà gba ibẹ̀ jáde kí n tó dìde tán. Ó gbé àga mi, ó gbé ìwé mi, ó gbé àwọn pákó tí mo họ. Ó gbé ìyá mi, ó sì fi itan òsì rẹ̀ gbá òpó pèpéle.

Kò ké. Ohun tí ó kọ́kọ́ sọ ni pé, "Ẹ pa ẹ̀rọ yẹn o, iná wà nínú ẹ̀." Mo sáré lọ pa á. Nígbà tí mo padà dé, bàbá mi jókòó sínú ẹrẹ̀, ó gbé orí ìyá mi lé itan. Pákó keje ṣì so mọ́ ara páànù tó ya. Bàbá mi rí i. Ó wo síkúrù náà pẹ́. Kò wò mí.

Egungun ìbàdí ló kán. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un ní ọjọ́ kejì, ní àárọ̀ tí mo wà nínú yàrá ìdánwò. Mo dáhùn ìbéèrè mẹ́ta nínú mẹ́wàá. Nígbà tí a jáde, Dígí pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà.

"Ìyá Àgbà, aago mélòó ni ká máa bọ̀?"

"Adágún náà ti ya."

"Háà! Ó mà ṣe o." Ó yíjú sí àwọn tó kù. "Ó ti ya o. Ibo la wá ń lọ báyìí?" Wọ́n ń jiyàn lórí ibi tí wọn yóò lọ títí wọ́n fi dé títì. Kò sí ìkankan nínú wọn tó béèrè bí ó ṣe ya.

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá. Tèmi kò lo ogún ọdún. Ọjọ́ mọ́kànlá ló lò.

Orí bẹ́ǹṣì níwájú yàrá ìyá mi ní ilé ìwòsàn ni bàbá mi ti bá mi sọ̀rọ̀. Ó ti tọwọ́ bọ àpò, ó mú síkúrù náà jáde, ó fi sí àárín wa.

"Mélòó ni?"

"Méje."

"Ọjọ́ wo?"

"Sátidé tí ẹ lọ kan òrùlé."

"Mo wo ìlà mi láràárọ̀. Omi wà níbẹ̀."

"Èmi ni mo ń pọn ọ́n kún un, Bàbá. Kí ẹ tó jí."

Nọ́ọ̀sì kan ti kẹ̀kẹ́ oògùn kọjá. Nígbà tí bàbá mi tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kò ga rárá.

"Ǹ bá fa omi rẹ̀ gbẹ. Ǹ bá lẹ ọ̀rá náà, kí n fi páànù kékeré bo ihò. Ìdajì ọjọ́ ni. Ọ̀gá wo ni kò tíì ba igi jẹ́ rí? Èmi náà ti gé òpó ilé onílé kúrú rí. Mo lọ bá onílé, mo sọ fún un, ó bú mi, mo gé òmíràn. O gbọ́? Ó bú mi, ó tán síbẹ̀."

Mo ní mo gbọ́. Láti ọjọ́ náà, kò pè mí ní Ọ̀gá Kékeré mọ́. Kì í ṣe pé ó bínú. Orúkọ náà ni kò wá sí i lẹ́nu mọ́.

Ìyá mi ní kí n sún mọ́ òun nígbà tí wọ́n jẹ́ kí n wọlé. Mo kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un láti Dígí dórí garawa. Ó gbọ́ mi tán.

"Aago mẹ́rin ààbọ̀ lo ń jí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màámi."

"Ó ti rẹ̀ ọ́ tipẹ́. Mo rí i, mi ò sọ. Ó yẹ kí o sọ fún wa pé ó ti rẹ̀ ọ́, kí o sì sọ fún wa pé omi ń jò. Méjèèjì ni o fi aṣọ bò." Lẹ́yìn náà ni ó béèrè bóyá mo ti jẹun.

Egungun náà so, ṣùgbọ́n kò so dáadáa. Nígbà tí oṣù mẹ́rin fi kọjá lórí ibùsùn, iṣan tí omi ti jí ti padà sùn. Dókítà Ẹsẹ̀ gbìyànjú, ó wá sílé lẹ́ẹ̀mẹ́fà. Ní ìgbà kẹfà, ó bá bàbá mi sọ̀rọ̀ níta, bàbá mi sì tú pèpéle adágún náà. Ó fi pákó rẹ̀ kan ọ̀nà tí kẹ̀kẹ́ arọ lè gbà wọlé. Èmi ni mo bá a di pákó mú. Mo bi í bóyá kí n họ ọ́. Ó ní rárá, kẹ̀kẹ́ á máa yọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìtàn yìí, tí ẹ wà ní ọjọ́ orí tí mo wà nígbà náà, ohun tí mo mọ̀ ni mò ń sọ. Síkúrù kan kò wó adágún wa. Ihò yẹn kéré, ọwọ́ bàbá mi sì ká a. Garawa omi tí mo ń pọn láfẹ̀mọ́júmọ́, kí ohun gbogbo lè dà bí ẹni pé ó wà bó ṣe yẹ, òun ló wó o. Bí o bá ba nǹkan jẹ́, sọ ọ́ lọ́jọ́ tí o bà á jẹ́. Èébú kan ni ó máa ná ọ. Bí o bá dé e mọ́lẹ̀, ẹlòmíràn ló máa san án, o kò sì ní mọ iye tó máa san.

Mo fìdí rẹmi nínú ìṣirò. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni mo tún un ṣe ní iléèwé alẹ́, mo sì yege. Ní ọjọ́ tí mo lọ gba ìwé ẹ̀rí mi, bàbá mi ti kẹ̀kẹ́ ìyá mi dé ẹnu ọ̀nà. Ìyá mi na ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sí mi títí mo fi ṣí géètì. Ìgbésẹ̀ mẹ́tàlélógún ló wà láàárín wa. Ìyá mi kò rìn ín.